Jẹ́ Kí Ìrìn Hàn: Bí A Ṣe Ń Fi Shutter Tó Ṣí Pẹ́ Ya Ohun Tó Ń Lọ

Ohun àkọ́kọ́ tí púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ fọ́tò yíyà máa ń fẹ́ mọ̀ ni bí wọ́n ṣe lè dá nǹkan dúró. Wọ́n á gbé shutter (ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé) sí 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá, ẹyẹ á dúró sójú òfuurufú, omi á já sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ méjèèjì ẹni tó ń sáré á kúrò nílẹ̀. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kì í sọ bí nǹkan ṣe ń yára tó. Kẹ̀kẹ́ tó ń sá eré àsápajúdé àti kẹ̀kẹ́ tí ẹnì kan dì mú sójú kan lè jọra pátápátá nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó ń wo fọ́tò yín rí eré náà, àfi kí ẹ jẹ́ kí shutter ṣí pẹ́ díẹ̀, kí ohun tó ń lọ náà lè fà kọjá lójú àwòrán.

Ìlànà kan wà tí màá máa padà sí nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ: nǹkan kan gbọ́dọ̀ dúró. Fọ́tò tí gbogbo inú rẹ̀ fà, tí ojú kò rí ibì kan sinmi lé, kò yàtọ̀ lójú ẹni tó ń wò ó sí èyí tí ọwọ́ gbọ̀n yà. Ṣùgbọ́n bí àpáta bá dúró digbí tí omi sì fà kọjá lára rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò rò pé ẹ ṣèèṣì.

Ẹ̀rí rẹ̀ ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ fọ́tò yíyà. Ní ọdún 1838, Louis Daguerre ya òpópónà Boulevard du Temple ní Paris láti ojú fèrèsé. Ohun tí wọ́n fi ń ya àwòrán nígbà náà kì í tètè gba ìmọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú ni ó ní láti fi wà ní ṣíṣí. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ àti ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin tó ń kọjá lójú pópó náà kò hàn rárá. Ọkùnrin kan tó dúró kí wọ́n bá òun dán bàtà ni ó hàn, nítorí òun ni ó dúró pẹ́ tó.

Ẹ kọ́kọ́ pinnu ohun tí yóò dúró

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun lára kámẹ́rà, ẹ dáhùn ìbéèrè yìí. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Kámẹ́rà lè dúró lórí tripod (ẹsẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé), kí ohun kan máa lọ níwájú rẹ̀: omi láàárín àpáta, èrò níwájú ilé, igi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kámẹ́rà lè máa bá ohun tó ń sáré yí, kí ohun náà dúró nínú àwòrán, kí gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì fà. Tàbí kí ohun tí ẹ ń yà dúró, kí ẹ̀yin fúnra yín máa mi kámẹ́rà nígbà tí shutter ṣì ṣí. Nínú ìkẹta yìí kò sí ohun kan tó dúró ní tòótọ́, àmọ́ ìlà lè dúró. Bí ẹ bá ń ya igbó tí igi rẹ̀ ga, ẹ gbé shutter sí 1/4 tàbí 1/2, kí ẹ sì fa kámẹ́rà láti òkè wá sísàlẹ̀ tààrà. Ara igi á fà, ṣùgbọ́n ìlà igi tó nàró kò ní parẹ́, nítorí ọ̀nà tí igi gbà ga ni ọwọ́ yín gbà lọ.

Báwo ni shutter ṣe máa ṣí pẹ́ tó?

Ẹ máa rí àkọsílẹ̀ níbi púpọ̀ tó sọ pé ẹlẹ́sẹ̀ gba báyìí, ọkọ̀ gba báyìí. Wọ́n dára fún ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè mọ ibi tí ẹ dúró sí. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni bí ohun náà ṣe máa rìn jìnnà tó nínú àwòrán nígbà tí shutter bá ṣí.

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Ẹni tó ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ máa ń rìn tó mítà 1.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 1/30, ó rìn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Ní 1/4, ó rìn 35. Ní odindi ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti lọ mítà 1.4. Ká wá ní ohun tí kámẹ́rà yín ń rí láti òsì dé ọ̀tún jẹ́ mítà 5. Sẹ̀ǹtímítà 5 nínú mítà 5 jẹ́ ìdá kan nínú 100. Lójú tèmi, ibi tó burú jù lọ nìyẹn: ẹni náà kò mọ́ kedere, kò sì fà tó láti sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá rí i á ní ẹ kò mọ focus ṣe, ìyẹn mímú kí ohun tí ẹ ń yà mọ́ kedere. Sẹ̀ǹtímítà 35 jẹ́ ìdá 7 nínú 100, ibẹ̀ ni ìrìn ti ń hàn dáadáa tí a sì ṣì mọ̀ pé èèyàn ni. Bí ó bá fà kọjá ìlàjì àwòrán, ojú ipa rẹ̀ nìkan ló máa kù, ó sì lè parẹ́ pátápátá. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kí ohun kan fà, ẹ jẹ́ kó fà dáadáa.

Láti inú ìṣirò yìí ni ẹ óò ti rí ìdí tí lẹ́ńsì àti ibi tí ẹ dúró sí fi ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, tàbí tí ẹ lo lẹ́ńsì tó ń fa ohun jíjìn wá sí tòsí, mítà 5 yẹn lè di 2, sẹ̀ǹtímítà 35 kan náà á sì gba ibi tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwòrán. Ọ̀nà tí ohun náà ń gbà lọ tún wà níbẹ̀. Ohun tó ń kọjá níwájú yín láti òsì sí ọ̀tún máa ń fà jù. Èyí tó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ yín kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fà, ó kàn ń tóbi sí i ni.

Ẹ tún kíyè sí i pé kì í ṣe gbogbo ara èèyàn ló ń yára bákan náà. Nígbà tí a bá ń rìn, ẹsẹ̀ kan máa ń tẹ ilẹ̀ láìṣípò nígbà tí èkejì ń jù síwájú kíákíá. Bí ẹ bá lo 1/8 tàbí 1/15, tí ẹ sì tẹ bọ́tìnì lásìkò, ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ á mọ́ kedere, èkejì á fà, orí àti àyà á wà láàárín méjèèjì. Fún oníjó, èyí dùn wò púpọ̀: ojú rẹ̀ lè dúró nígbà tí apá àti aṣọ rẹ̀ ń fò káàkiri.

Ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù

Bí shutter bá ṣí pẹ́ ní ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ tó wọlé á di ìlọ́po méjì. Ìyẹn ni àwọn ayàwòrán ń pè ní stop kan. Láti 1/60 sí 1/30, stop kan ni. Láti 1/60 sí 1/4, stop mẹ́rin ni. Gbogbo stop tí ẹ bá fi kún un láti ọ̀dọ̀ shutter, ẹ gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò níbòmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fọ́tò á funfun báláú.

Ẹ gbé ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó) sí ibi tó kéré jù lọ, èyí tó jẹ́ 100 lórí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú aperture (ihò inú lẹ́ńsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé; bí nọ́ńbà f rẹ̀ ṣe ń tóbi ni ihò náà ń kéré) lọ sí f/8, f/11, tàbí f/16 bí ó bá di dandan. Èmi kì í fẹ́ kọjá f/16, torí pé bí ihò náà ṣe ń kéré sí i ni ìmọ́lẹ̀ ń fọ́n ká bó ṣe ń gbabẹ̀ kọjá, gbogbo fọ́tò á wá rọ̀, kò ní mọ́ kedere mọ́, títí kan àpáta tí ẹ fẹ́ kó dúró.

Nínú oòrùn gangan, èyí kò tó. Òfin àtijọ́ kan tí àwọn tó lo fíìmù mọ̀ dáadáa sọ pé lábẹ́ oòrùn tó ràn kedere, bí aperture bá wà ní f/16, shutter á jẹ́ ìdá kan lórí iye ISO. ISO 100, 1/100. Kò sí bí ẹ ṣe lè lọ sí 1/4 láti ibẹ̀ láìjẹ́ pé nǹkan kan dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tó ń dí i ni ND filter, gíláàsì dúdú tí a ń dè mọ́ iwájú lẹ́ńsì. Èyí tó jẹ́ stop 3 máa ń sọ 1/100 di nǹkan bí 1/12. Stop 6 á sọ ọ́ di ìlàjì ìṣẹ́jú àáyá ó lé díẹ̀. Stop 10 á sọ ọ́ di nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni agbára yín ká, ẹ ra ti stop 6. Ti stop 10 ló lókìkí jù, ṣùgbọ́n èrò, omi àti igi nínú atẹ́gùn dára jù láàárín 1/8 sí ìṣẹ́jú àáyá kan, ibi tí stop 6 ti wúlò gan-an nìyẹn.

Bí filter yín bá dúdú gan-an, ẹ ṣe focus kí ẹ tó dè é, kí ẹ sì yí focus sí ọwọ́ kí kámẹ́rà má tún un wá. Bí ó bá jẹ́ kámẹ́rà onídígí (DSLR) tí a ń fi ojú sí ihò rẹ̀, ẹ bo ihò náà, torí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀yìn wọlé. Filter tí a ń yí láti mú kó dúdú sí i rọrùn lò, àmọ́ lórí lẹ́ńsì tó ń rí ibi gbígbòòrò, ó lè ju àmì X dúdú sáàárín àwòrán bí ẹ bá yí i dópin.

Ẹni tí kò ní filter lè dúró de ìrọ̀lẹ́, tàbí kó wá ibi òjìji, tàbí kó ya fọ́tò púpọ̀ léraléra láìgbé kámẹ́rà kúrò lójú kan, kó sì fi kọ̀ǹpútà pò wọ́n di ọ̀kan. Àpòpọ̀ yìí dára púpọ̀ fún omi. Fún ohun tó ń sáré gan-an, àlàfo máa ń wà láàárín fọ́tò kan sí èkejì, ó sì máa ń hàn.

Kámẹ́rà tí kò gbọdọ̀ mì

Tripod ni olórí iṣẹ́ níbí. Ẹ na àwọn ẹsẹ̀ tó nípọn kí ẹ tó na àwọn tó tín-ín-rín, ẹ má sì fa òpó àárín sókè bí kò bá pọn dandan. Ẹ pa ohun tó ń bá yín dènà gbígbọ̀n ọwọ́ lára lẹ́ńsì tàbí kámẹ́rà, torí lórí tripod ó lè máa wá ìgbọ̀n tí kò sí, kó sì dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ lo ìdádúró ìṣẹ́jú àáyá 2 kí ìka yín má baà mi kámẹ́rà. Kámẹ́rà onídígí tún ní ètò tó ń gbé dígí sókè ṣáájú, ó wúlò pàápàá láàárín 1/30 sí ìṣẹ́jú àáyá kan, níbi tí gbígbọ̀n dígí ti máa ń ba nǹkan jẹ́ jù.

Láìsí tripod, òṣùwọ̀n àtijọ́ ni pé kí shutter má ṣí pẹ́ ju ìdá kan lórí gígùn lẹ́ńsì: lẹ́ńsì 50mm, 1/50. Ohun tó ń dènà gbígbọ̀n lè mú yín sọ̀ kalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ó sì bá ohun tí a ń ṣe mu gan-an, torí ó ń dá ògiri dúró láìdá ẹni tó ń kọjá dúró. Ẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri, ẹ fún ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà, ẹ mí síta, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnì jẹ́jẹ́.

Omi

Omi ni mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi bẹ̀rẹ̀, torí kì í rẹ̀ ẹ́, kì í sì í béèrè ìdí tí ẹ fi ń yà á. Ẹ gbé kámẹ́rà sórí tripod, ISO 100, f/11, pẹ̀lú ND filter tó bá àkókò kọ̀ọ̀kan mu, kí ẹ ya omi kan náà ní 1/15, 1/4, ìṣẹ́jú àáyá 1, àti 30. Ní 1/15 omi ṣì ní agbára, ẹ óò rí bí ó ṣe ń ta. Láàárín 1/4 sí 1, ó ti di ìlà gígùn tó ń fi ọ̀nà tí omi gbà hàn. Ní 30, ó di kùrukùru. Púpọ̀ ń sáré lọ sí 30 nítorí ó yàtọ̀ sí ohun tí ojú lásán ń rí, ṣùgbọ́n omi tó ti di kùrukùru kò ní ibi tó ń lọ mọ́. Ìlà ni mo fẹ́ràn.

Ibi tó funfun lára omi ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹ wo histogram (àtẹ kékeré lójú kámẹ́rà tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ fọ́tò ṣe pín hàn), bí ó bá ti kó jọ sí etí ọ̀tún, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù ní stop kan, kí ẹ sì yà á ní RAW (fáìlì tó tọ́jú gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí) kí ẹ lè gbé ibi dúdú sókè tó bá yá. Polarizer, filter mìíràn tí a ń dè mọ́ iwájú lẹ́ńsì, ṣe iyebíye níbí. Ó ń gba stop kan sí méjì, ó tún ń pa dídán kúrò lórí òkúta tútù àti ewé. Létí òkun, ẹ tẹ bọ́tìnì nígbà tí ìgbì bá ń padà sẹ́yìn, ní 1/2 sí 1. Ìfófòó tó ń fà padà ló ń ya ìlà sórí iyanrìn. Tí ewé bá sì ń mì létí odò nígbà tí ẹ fẹ́ kó dúró, ẹ ya fọ́tò kejì láti ojú kan náà pẹ̀lú shutter tó yára, ẹ ó lè mú ewé láti inú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń tún un ṣe.

Bíbá ohun tó ń sáré yí

Èyí ló gba sùúrù jù, òun náà ló sì dùn jù bó bá bọ́ sí i. Ẹ̀yin àti ohun tó ń sáré ń yí ní ìwọ̀n kan náà, nítorí náà ó dúró lójú kámẹ́rà, ayé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń fà.

Ẹ kọ́kọ́ wá ẹ̀yìn tó dára. Ojú ọ̀run tó mọ́ kò ní fi nǹkan kan hàn, torí kò ní ohun tó lè fà. Igi, ilé aláwọ̀ oríṣiríṣi, ọgbà onígi, èrò tó dúró, ìwọ̀nyí máa ń di ìlà aláwọ̀ gígùn. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí ohun náà á ti kọjá níwájú yín ní ìbú, kò gbọdọ̀ máa bọ̀ wá bá yín.

Ẹ fi kámẹ́rà sí S, tàbí Tv bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tiyín ṣe kọ ọ́, kí ẹ mú shutter fúnra yín kí kámẹ́rà mú ìyókù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1/125 fún ọkọ̀ àti 1/60 fún kẹ̀kẹ́. Bí díẹ̀ bá ti ń mọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀: kẹ̀kẹ́ ní 1/30, ẹni tó ń sáré ní 1/30 tàbí 1/15. Focus tó ń tẹ̀ lé nǹkan ni kí ẹ lò, kí ẹ sì gbé kámẹ́rà sí ibi tó ti ń ya fọ́tò léraléra.

Ẹ wá dúró dáadáa. Ẹ kọ ẹsẹ̀ sí ibi tí ohun náà á bá yín pàdé gan-an, kì í ṣe ibi tó ti ń bọ̀, kí ẹ wá lọ́ ìbàdí padà lọ pàdé rẹ̀. Ìbàdí ló ń yí, apá kò yí. Ẹ mú un sójú kámẹ́rà nígbà tó ṣì jìnnà, ẹ máa bá a bọ̀, ẹ tẹ bọ́tìnì bó ṣe ń kọjá níwájú yín, kí ẹ sì máa yí lọ lẹ́yìn tí shutter bá ti pa. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: bí wọ́n bá ti tẹ bọ́tìnì, ara wọn á dúró, fọ́tò náà á sì fà. Ẹ yan ibì kan lára rẹ̀, ojú ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ tàbí fìtílà iwájú ọkọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó wà lójú kan nínú àwòrán.

Bí ẹ bá sún mọ́ ọkọ̀ jù, iwájú rẹ̀ lè mọ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ fà. Kì í ṣe ẹ̀bi ọwọ́ yín. Láti tòsí, iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ kì í yí ní ìwọ̀n kan náà lójú yín. Ẹ fà sẹ́yìn kí ẹ lo lẹ́ńsì tó gùn jù. Ẹ má sì jẹ́ kí iye èyí tí kò mọ́ kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá yín. Ọ̀gá tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ pàápàá ń da púpọ̀ nù.

Èrò ẹlẹ́sẹ̀

Alexey Titarenko ya èrò ní St. Petersburg ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 pẹ̀lú shutter tó ṣí pẹ́. Níbi àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, èrò náà wọnú ara wọn débi pé ẹ kò lè dá ẹnikẹ́ni mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọwọ́ tó di irin àtẹ̀gùn mú hàn. Ẹ wá irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀: ẹni tó dúró ń ka ìwé, ẹni tó jókòó, òpó iná. Bí ẹ bá wà pẹ̀lú ọ̀rẹ́, ẹ ní kó dúró sáàárín èrò láìmì fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín 1/4 sí 1 ni ibi tó dára jù.

Iná ọkọ̀ lálẹ́

Níbí, ìrìn ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ya ìlà. Ọkọ̀ tó ń lọ ní kìlómítà 60 láàárín wákàtí kan máa ń rin nǹkan bíi mítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọ̀nà tó wà nínú àwòrán yín bá jẹ́ mítà 200, ó gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 12 kí iná rẹ̀ tó ya ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ lo f/8 tàbí f/11, ISO 100, ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 30, kí ẹ tẹ bọ́tìnì ṣáájú kí ọkọ̀ tó wọlé. Ẹ lọ nígbà tí oòrùn ti wọ̀ ṣùgbọ́n tí ojú ọ̀run ṣì ní àwọ̀ búlúù. Ibi tí ọ̀nà bá ti kọ́rọ̀ dára ju ibi tó tọ́ lọ. Láti orí afárá tàbí ibi gíga ni kí ẹ ti yà á. Ẹ má ṣe dúró sójú títì nítorí fọ́tò kankan.

Bí kámẹ́rà bá kọ̀ láti ya òmíràn lẹ́yìn èyí tó pẹ́, kò bàjẹ́. Ètò tó ń yọ ìdọ̀tí àwọ̀ kúrò ló ń ya fọ́tò dúdú tó pẹ́ bíi ti àkọ́kọ́, ẹ lè pa á.

Fíláàṣì

Fíláàṣì máa ń dá ohun tó wà nítòsí dúró lójú ẹsẹ̀, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ tó kù ń jẹ́ kó fà. Ẹ tún un ṣe kó tàn ní ìparí shutter dípò ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá tàn ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú ipa oníjó á wà níwájú rẹ̀, bí ẹni pé ẹ̀yìn ló ń rìn. Bó bá tàn ní ìparí, ojú ipa náà á tẹ̀ lé e lẹ́yìn. 1/8 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Fóònù

Aperture ọ̀pọ̀ fóònù kò ṣeé yí, nítorí náà nínú oòrùn, shutter tó pẹ́ á mú kí gbogbo rẹ̀ funfun. Ẹ lọ ní àṣálẹ́, ẹ ṣí ipò Pro (níbi tí ẹ ti lè yan shutter fúnra yín) bí fóònù yín bá ní i, kí ẹ sì gbé fóònù ti nǹkan kan. Lórí iPhone, láti iOS 11 ní ọdún 2017, ẹ lè ya Live Photo (fọ́tò tó ń gba ìrìn díẹ̀ pọ̀ mọ́ ara rẹ̀), kí ẹ sì yí i sí Long Exposure, ìyẹn shutter tó ṣí pẹ́, lẹ́yìn náà. Google Pixel, láti Pixel 6 ní ọdún 2021, ní ipò Motion tó ń ṣe iṣẹ́ omi àti ti bíbá nǹkan yí. Fóònù ló ń pò fọ́tò púpọ̀ pọ̀ níbẹ̀, etí nǹkan sì lè rí wúruwùru nígbà míì.

Bí fọ́tò bá kọ̀

Ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú kámẹ́rà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá fà sí ọ̀nà kan náà, títí kan àpáta àti ògiri, kámẹ́rà ló mì: ẹ wo tripod, atẹ́gùn àti ìka yín. Bí ohun tó dúró bá rọ̀ láìfà síbì kankan, focus ni. Bí fọ́tò bíbá nǹkan yí bá fà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ń fò bí ẹ ti ń yí, ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Bó bá fà ní ìbú, ẹ kò bá eré rẹ̀ dọ́gba, ẹ padà sí shutter tó yára ní stop kan. Bí àwọ̀ bá yí sí búlúù tàbí àwọ̀ ilẹ̀, filter ló fà á, RAW á sì jẹ́ kí ẹ tún un ṣe. Tí ẹ̀yìn bá mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ náà fi dà bí èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní stop kan sí i, kí ẹ dúró de ọkọ̀ tó kàn.